Kẹ̀kẹ́ Oníwo Àgbò Nígbà Òtútù: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkà wa. Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ni lẹ́tà yín ti ń ya wọlé, ohun kan náà sì ni ọ̀pọ̀ yín ń béèrè. Kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ fi ń sáré nígbà ooru, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wá sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, ṣé ó ṣeé gùn bí ilẹ̀ bá tutù, tí omi kún títì? Ṣé ó sì lè gbé ẹrù ọjọ́ méjì mẹ́ta? Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn mi sí méjèèjì. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ náà ní ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà, ẹni tó bá sì mọ ààlà yẹn ló máa sìn dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo sì ń gun tèmi jálẹ̀ gbogbo òtútù. Ohun tí ọwọ́ mi ti bà ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ alumíníọ́ọ̀mù ni tèmi, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Táyà 23 (ìyẹn ìbú rẹ̀ ní mìlímítà) ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, búréèkì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń di ríìmù mú, kò sì ní ihò kankan tí mo lè de mọ́dígáàdì mọ́. Mo fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ nínú òtútù yìí, kí n sì fi rìnrìn àjò kékeré tí ilẹ̀ bá tún móoru. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ́kọ́ lọ ra iná tó mọ́lẹ̀ gan-an.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́, iná ṣe pàtàkì, mo sì máa dé orí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, mọ́dígáàdì ni n ó mú. Mọ́dígáàdì tó gùn, tó bo táyà dáadáa.

Ìdí rẹ̀ rèé. Òjò tó ń rọ̀ láti òkè kọ́ ló ń ba kẹ̀kẹ́ jẹ́ nígbà òtútù. Omi tí táyà ń gbé sókè láti ilẹ̀ ni. Omi òjò mọ́. Omi ojú títì kò mọ́ rárá: iyọ̀ tí wọ́n fọ́n síbẹ̀ kí omi má baà dì wà nínú rẹ̀, iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, epo tó jò lára ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Táyà iwájú á bu gbogbo rẹ̀, á dà á sí ẹ lẹ́sẹ̀, á dà á sórí ṣéènì àti sí ìdí ibi tí ọ̀pá pẹ́dà ń yí lé. Táyà ẹ̀yìn á da tirẹ̀ sí ẹ nídìí àti lẹ́yìn, á tún da ìyókù sójú ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹ.

Ìgbà kan wà tí mo fi odindi òtútù kan gun kẹ̀kẹ́ láìní mọ́dígáàdì, torí mo rò pé ó ń ba ẹwà kẹ̀kẹ́ jẹ́. Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti ń yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń dún kùrù-kùrù bí ọlọ. Mo tú fọ́ọ̀kì. Bíárìn tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n bí osùn, girísì tó yí i ká ti di ẹrẹ̀, méjì nínú àwọn bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Bíárìn òkè, tí omi títì kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣì ń dán gbinrin. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ inú kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì, mo wò wọ́n títí. Láti ọjọ́ yẹn, bí òtútù bá ti ń bọ̀, mọ́dígáàdì ni mo ń kọ́kọ́ dè.

Wàyí o, tìrẹ kò níhò. Kó o tó ra ohunkóhun, wọn àlàfo tó wà láàárín orí táyà àti abẹ́ búréèkì. Kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà tó tẹ̀ bí lẹ́tà L, èyí tó o fi ń tú bóòtù kẹ̀kẹ́, ni kó o lò. Ìwọ̀n wọn wà lára wọn: 4, 5, 6 mìlímítà. Gbìyànjú láti ti èyí tó jẹ́ 4 bọ ibẹ̀, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 6. Ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú, ṣe é lẹ́yìn, kó o sì tún wo ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì níbi tí fíréèmù ti sún mọ́ ọn jù. Bí 4 kò bá wọlé dáadáa, mọ́dígáàdì kankan kò lè gba abẹ́ búréèkì yẹn kọjá, má fi agbára ṣe é.

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje bíi tìrẹ, búréèkì kúkúrú ló wà lára wọn: láti ibi bóòtù tó dè é mọ́ fíréèmù dé ibi tí páàdì ti ń kan ríìmù jẹ́ 39 sí 49 mìlímítà. Irú tó gùn wà, tó ń lọ láti 47 dé 57, abẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé kó o ṣáà pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fíréèmù ló pinnu ibi tí ríìmù máa wà. Bí wọ́n bá ṣe fíréèmù rẹ fún búréèkì kúkúrú, páàdì búréèkì gígùn á bọ́ sábẹ́ ríìmù, kò ní bá a pàdé.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mọ́dígáàdì onípele méjì tí wọ́n dìídì ṣe fún kẹ̀kẹ́ eré ìje. Apá kan wà níwájú búréèkì, apá kejì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí èyí tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Okùn rọ́bà tàbí ìdè kékeré ló ń dì í mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì àti ẹsẹ̀ fíréèmù. Gé tíúbù tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, kó o fi tẹ́ abẹ́ ìdè kọ̀ọ̀kan kó má baà ha ọ̀dà kúrò. Bí fọ́ọ̀kì rẹ bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù (ohun fífúyẹ́ tí kì í ṣe irin), okùn rọ́bà nìkan ni kó o lò síbẹ̀, má fi ìdè irin fún un lọ́rùn.

Nǹkan méjì ló kù lórí mọ́dígáàdì, mi ò sì fẹ́ kó o fojú kéré wọn. Àkọ́kọ́: ìdí ti iwájú gbọ́dọ̀ sún mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà kúrú jù, omi á gba abẹ́ rẹ̀ lọ tààrà sí bàtà rẹ. Gé ike láti ara kẹ́ẹ̀gì tí o kò lò mọ́, kó fẹ̀ díẹ̀ ju mọ́dígáàdì lọ, fi bóòtù kékeré méjì dè é mọ́ ìdí rẹ̀, kí ó ku bí ìbú ọwọ́ kan kó tó kan ilẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ike yẹn máa ṣe á yà ẹ́ lẹ́nu. Èkejì: bí o bá padà ní kẹ̀kẹ́ tó gba mọ́dígáàdì odindi, rí i pé àwọn wáyà tó gbé ti iwájú dúró ní ìdè tó ń já fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá fà á lójijì. Igi wẹ́wẹ́ lè há sáàárín táyà àti mọ́dígáàdì. Bí wáyà ò bá já, mọ́dígáàdì á ká jọ, táyà á dúró gbọnin, ìwọ á sì fò kọjá lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ó kan táyà. Bọ́ 23 yẹn kúrò. Bí àyè bá wà fún 25, fi 25 sí i; bí ó bá gba 28 tí àlàfo 4 mìlímítà ṣì kù yí i ká, 28 ni kó o lò. Táyà tó fẹ̀ kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì pọ̀ jù ló ń di ilẹ̀ tútù mú. Ẹni tó wọn 70 kìló, tó ń fún táyà 23 ní 100 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), lè fún 28 ní nǹkan bí 70. Má gbàgbé pé òtútù fúnra rẹ̀ ń dín afẹ́fẹ́ kù: bí o bá fún un ní 70 nínú yàrá tó wà ní 20°C, tí o gbé e jáde sínú 0°C, á wálẹ̀ sí nǹkan bí 64 láìjẹ́ pé ó ń jò. Nítorí náà, wọ̀n ọ́n níbi tó o ti máa gùn ún.

Nínú òtútù, táyà máa ń jò ju ti ìgbàkígbà lọ, nítorí omi ń fọ òkúta mímú àti gíláàsì wá sí etí títì, ibẹ̀ gan-an la sì ń gbà. Yàtọ̀ síyẹn, rọ́bà tó tutù fún omi rọrùn láti gé. Ẹni tó bá ti fi ọ̀bẹ gé rọ́bà rí mọ̀ pé bí a bá fi omi ra ọ̀bẹ, wẹ́rẹ́ ló ń wọlé. Ọ̀pọ̀ gíláàsì kì í dá táyà lu lọ́jọ́ tó wọ̀ ọ́. Á fara pamọ́ sínú rọ́bà, táyà á máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan á fi dé ọ̀dọ̀ tíúbù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tú afẹ́fẹ́ díẹ̀, tẹ táyà láti ẹ̀gbẹ́ kí ojú àwọn ibi tó gé là, kó o fi abẹ́rẹ́ hú ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó sàn ju kó o máa pààrọ̀ tíúbù lálẹ́ lójú ọ̀nà, nígbà tí ìka rẹ ti kú tipiri.

Kí n tó fi ẹ́ sílẹ̀: ríìmù. Ní gbogbo ìgbà tó o bá tẹ búréèkì lórí omi àti iyanrìn, ríìmù ń jẹ díẹ̀. Fi etí rúlà lé ẹ̀gbẹ́ ríìmù lórí. Bí o bá rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá láàárín, á jẹ́ pé ríìmù ti jẹ wọnú. Àwọn ríìmù kan ní ihò kékeré tàbí ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára. Bí ìyẹn bá ti parẹ́, ríìmù ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Mo ti wà níbi tí ẹ̀gbẹ́ ríìmù ti ya nígbà tí wọ́n ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Ó dún bí ìbọn, ibi tí ríìmù yẹn ti ya sì gùn ju ọwọ́ mi lọ. Ká ní orí òkè ló ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Máa wo páàdì rẹ náà. Bí o bá rí ohun tó ń tàn yinrin nínú rọ́bà rẹ̀, alumíníọ́ọ̀mù ríìmù rẹ ló ti wọ ibẹ̀, ó sì ń lọ ìyókù. Fi ẹnu abẹ́rẹ́ yọ ọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Búréèkì dísìkì, èyí tó ń di àwo irin mú dípò ríìmù, ni ti kẹ̀kẹ́ mi, nítorí náà mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà òtútù. Páàdì tí mo lò jálẹ̀ ìgbà ooru kò tán. Èyí tí mo fi sí i nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Ó tún ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń yíjú wò mí. Ṣé wọ́n ta ayédèrú fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ayédèrú. Oríṣi páàdì méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan rọ̀, wọ́n fi ohun bíi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kì í pariwo, ó ń mú dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n iyanrìn tútù ń jẹ ẹ́ kíákíá. Èkejì, ìyẹ̀fun irin ni wọ́n fi ooru mọ. Ó le, ó ń pariwo díẹ̀, ó sì ń pẹ́ gan-an nínú omi. Èyí ni kẹ́ ẹ lò láti ìsinsìnyí títí ilẹ̀ á fi gbẹ. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ wo ojú dísìkì. Bí wọ́n bá kọ “Resin Pad Only” (páàdì rírọ̀ nìkan) sí i lára, páàdì irin á jẹ ẹ́ run. Ẹ pààrọ̀ dísìkì pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dúró sórí páàdì rírọ̀.

Ní ti igbe rẹ̀, bí ó bá ń ké nínú omi nìkan, tó dákẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, kò sí àìsàn kankan. Bí ó bá ń ké nígbà tó gbẹ, tí kò sì mú bó ṣe yẹ, epo ti kàn án. Mo fẹ́ bi yín: ṣé epo tí wọ́n ń fọ́n lẹ́nu agolo lẹ fi ń ra ṣéènì? Ẹ̀kán rẹ̀ bíńtín tó bá fò kan dísìkì ti tó láti ba páàdì jẹ́. Ẹ fi sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ojú ọgbẹ́ nu dísìkì pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, kẹ́ ẹ fi páàdì tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi tí kò sí ọkọ̀, ẹ sáré díẹ̀, ẹ tẹ búréèkì títí kẹ̀kẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ẹ tú u sílẹ̀ kó tó dúró. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà 15 sí 20, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Àwọn tí kì í ṣe èyí ló máa ń sọ pé páàdì tuntun kò dára.

Ẹ máa yẹ páàdì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ohun tó wà lórí irin rẹ̀ bá ku ìdajì mìlímítà, ẹ yọ ọ́. Àwọn tí búréèkì wọn ń lo epo inú páìpù ni kó ṣọ́ra jù, torí ó ń bá páàdì rìn bó ṣe ń tín-ín-rín, ọwọ́ kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan títí irin á fi kan irin.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọkọ mi fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta gun kẹ̀kẹ́ tí òtútù bá ti dín kù. Nǹkan bí kìló mẹ́jọ ni ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Kẹ̀kẹ́ tèmi jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tó níhò fún kárííà, tiẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù tí kò níhò kankan. Ẹnì kan ní ká ra kárííà tó ń di ọ̀pá ìjókòó mú fún un.

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí lẹ́tà yìí, torí ẹ ti wọn ẹrù yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ti ọkọ yín. Ẹ má ra kárííà yẹn. Kábọ́ọ̀nù lágbára bí wọ́n bá fà á síbi tí wọ́n ṣe é láti gbà, ṣùgbọ́n irin tó fún un lọ́rùn níbì kan lè fọ́ ọ sínú láìjẹ́ kójú rí i. Ẹrù inú àpò ni kó gbé. Àpò mẹ́ta ni: ńlá kan tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ìjókòó, kékeré kan láàárín fíréèmù, kékeré kan níwájú ọwọ́. Ohun tó wúwo, bí irinṣẹ́, tíúbù, pọ́mpù àti okùn àgádágodo, kó wà láàárín fíréèmù. Aṣọ ni kó wà nínú ti ìjókòó, ẹ sì kọ́kọ́ ti èyí tó wúwo jù nínú aṣọ náà sọ́nà iwájú, kó sún mọ́ ọ̀pá ìjókòó. Mo ti gbé e sódì rí: mo ti bàtà àti àwọn nǹkan wíwúwo sí ìpẹ̀kun àpò, ní gbogbo ìgbà tí mo bá sì dìde dúró lórí pẹ́dà, ńṣe ni ìdí kẹ̀kẹ́ ń jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún bí ìrù ajá. Mo dúró létí ọ̀nà, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo tún un dì. Ó dákẹ́. Ẹrù kan náà ni o, kò sí ohun tí mo yọ.

Ti ẹ̀yin, kárííà dára, ṣùgbọ́n ẹ yẹ nǹkan méjì wò. Àkọ́kọ́ ni gìgísẹ̀ yín. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ eré ìje kúrú: láti ibi tí pẹ́dà ń yí lé dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 410 mìlímítà, nígbà tí ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìrìn àjò máa ń tó 440 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé àpò ńlá kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gìgísẹ̀ yín á máa gbá a. Ẹ ra àpò kékeré, irú èyí tí àwọn kan ń kọ́ síwájú, ẹ kọ́ ọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ nínú ilé kẹ́ ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó jáde.

Èkejì ni sípóòkù. Ẹ ka ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ 20 tàbí 24, ìwọ̀nba ni ẹrù tó lè gbé. Kìló mẹ́jọ yín kò burú, ẹ má ṣáà fi kún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù gidi, 32 tàbí 36 ni kó wá. Bí sípóòkù bá máa já, apá ibi tí fíríwíìlì wà lẹ́yìn ló sábà máa ń já sí, ibẹ̀ ló sì ṣòro jù láti tún ṣe lójú ọ̀nà, torí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú fíríwíìlì kúrò. Kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, ẹ fi ìka méjì fún sípóòkù pọ̀ ní méjì méjì yíká. Èyí tó bá rọ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fà le.

Ẹ sì wo gíà yín. Bí eyín àwo kékeré níwájú bá jẹ́ 34, tí eyín fíríwíìlì tó tóbi jù lẹ́yìn jẹ́ 28, ìyípo pẹ́dà kan á gbé yín lọ ní nǹkan bí mítà méjì àbọ̀. Lórí òkè gígùn tòun ti ẹrù, orúnkún á sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ fíríwíìlì sí èyí tó dé 34, ìyípo kan á di mítà méjì ó lé díẹ̀, ẹ ó sì lè jókòó kẹ́ ẹ máa yí i jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń yí gíà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí apá rẹ̀ gùn tó, ṣéènì náà sì lè fẹ́ ẹ̀kún díẹ̀. Ẹ béèrè iye eyín tó gbà kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, iná kẹ̀kẹ́ mi ń kú ní ìdajì ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ nígbà ooru ó ń tó mi lọ tó mi bọ̀. Ṣé bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Òtútù ni. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kì í lè yọ gbogbo agbára rẹ̀ bí ó bá tutù. Mú un wọlé, má fi sílẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ níta mọ́jú, kó o sì máa lo ìmọ́lẹ̀ tó mọ níwọ̀n níbi tí iná títì wà. Iná ẹ̀yìn méjì ni kó o ní, torí o kò lè rí i bí ọ̀kan bá kú nígbà tó o wà lórí kẹ̀kẹ́. Dojú ti iwájú kọlẹ̀ díẹ̀ kó má fọ́ àwọn tó ń bọ̀ lójú. Ẹni tó bá ń gùn ún lójoojúmọ́ lè ronú nípa dáínámò inú họ́ọ̀bù iwájú, ìyẹn ẹ̀rọ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń pèsè iná bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń yí, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóltì 6 àti wáàtì 3. Èmi ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ronú nípa bátìrì mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú làákàyè o. Wọ́n ní kí n máa fọ kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ nínú òtútù. Mi ò ní àyè. Kí ni ó kéré jù tí mo lè ṣe tí ṣéènì mi kò fi ní bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, bí o bá ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tó o bá dé. Da omi láti inú korobá tàbí ike kan sórí rẹ̀ kí iyọ̀ ṣàn lọ kó o tó gbé e wọ ibi tó móoru. Iyọ̀ tútù nínú yàrá gbígbóná ń jẹ irin kíákíá. Má lo omi tó ń fi agbára tú jáde. Á gba etí rọ́bà bíárìn wọlé, á sì lé girísì jáde. Lẹ́yìn náà, mú àkísà gbígbẹ, fi di ṣéènì mú, yí pẹ́dà sẹ́yìn títí àkísà kò fi ní dúdú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ rí láìnù ún, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n iyọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ṣéènì ti pọ́n, oríkèé mẹ́ta sì ti gan.

Epo: ra irú tí wọ́n ṣe fún omi, tó nípọn díẹ̀. Ẹ̀kán kan lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ní apá inú tó kan eyín gíà. Yí pẹ́dà sẹ́yìn, jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó o wá nu gbogbo èyí tó wà lóde kúrò. Inú oríkèé ni epo ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà lóde, iyanrìn ló ń fà mọ́ra, àdàlù iyanrìn àti epo yẹn ló sì ń lọ ṣéènì bí ayùn.

Máa wọn ṣéènì lóṣooṣù. Oríkèé mẹ́rìnlélógún, láti àárín píìnì kan dé àárín píìnì kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́ 304.8 mìlímítà bó bá jẹ́ tuntun. Bí ó bá ti dé 306 àti díẹ̀, tí fíríwíìlì rẹ sì ní gíà 11, pààrọ̀ ṣéènì. Fún gíà 9 tàbí 10, o lè dúró títí á fi dé 307. Bí o bá ré e kọjá, ṣéènì tó ti fà á jẹ eyín fíríwíìlì, wàá sì ra méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè: Bàbá, ṣé mo lè gùn ún lórí omi dídì bí mo bá rọra?

Ìdáhùn: Rárá, ọmọ mi. Rírọra kò ní kí táyà dídán di omi dídì mú. Táyà oníṣó wà, tó ní ìṣó irin kéékèèké lójú, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù tí ọwọ́ mi ti bà jẹ́ 30, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje kò sì ní àyè fún un. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 3°C tàbí tó rẹlẹ̀ sí i ní òwúrọ̀, ojú títì lè ti dì. Orí afárá ló ń kọ́kọ́ dì, torí òtútù ń gbà á láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abẹ́ igi àti ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í dé. Bí títì bá ń dán bí ẹni pé ó tutù fún omi, tí o kò sì gbọ́ ìró omi lábẹ́ táyà, omi dídì ni. Má tẹ búréèkì, má yí ọwọ́, má yí pẹ́dà. Jẹ́ kó gbé ẹ kọjá tààrà. Lọ́jọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ń fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá ìjókòó mi ti gan mọ́ inú fíréèmù, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Fíréèmù jẹ́ irin, ọ̀pá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù. Òtútù mẹ́rin ló ti rí.

Ìdáhùn: Irin àti alumíníọ́ọ̀mù tí omi iyọ̀ bá wà láàárín wọn máa ń jẹ ara wọn, ohun funfun tó ń jáde níbẹ̀ á sì dì wọ́n pọ̀ bí sìmẹ́ǹtì. Tú ìdè rẹ̀, dojú kẹ̀kẹ́ kọlẹ̀, ta epo tó ń wọ ìpẹtà sí i láti inú ihò ìsàlẹ̀ àti láti etí rẹ̀, fi sílẹ̀ mọ́jú, ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, di ìjókòó mú kó o máa yí i sọ́tùn-ún sósì, má fà á sókè. Bí ó bá mira, bó ṣe wù kó kéré tó, ó ti ń bọ̀ nìyẹn. Tún ta epo, tún yí i. Bí kò bá mira rárá, gbé e lọ fún ẹni tó ní fáìsì ńlá kó o tó ya fíréèmù.

Nígbà tó bá jáde, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu inú ihò náà, fi girísì kùn ún dáadáa. Kó o tó dá ọ̀pá padà, wé téèpù mọ́ ibi tó o fẹ́ kó dé, kó o lè dá a padà síbẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbàkígbà tó o bá yọ ọ́. Oṣù méjì méjì ni mo ń yọ tèmi nínú òtútù.